Irin Apínẹrù àti Aṣọ Olóyin

Ọjọ́ tí Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ fi ọkọ̀ fa ilé onítáyà rẹ̀ jáde, kò rí títì. Ojú ọ̀run ló rí. Ìdí ọkọ̀ jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó jẹun yó tán, imú rẹ̀ gbé sókè bí ti ẹni tí wọ́n rí fín, ilé onítáyà náà sì ń tì í lẹ́yìn bí àna tó ń kánjú. Abẹ́rẹ́ yí sitíárìn sí ọ̀tún. Ọkọ̀ kọ́kọ́ rò ó wò ná kó tó gbà. Màmá rẹ̀, tó jókòó síwájú pẹ̀lú báàgì lórí itan, kò pariwo. Ó kàn ní, "Dúró." Ọkọ̀ dúró. Màmá ṣílẹ̀kùn, ó wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀ kànga, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn padà sílé.

Aránṣọ ni Abẹ́rẹ́. Ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ mú, kò sì síbi tí kò lè gbà wọlé. Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ó sì ti pẹ́ tó ti rántí bínú sí i. Gbogbo ìrètí rẹ̀ wà nínú ilé onítáyà náà. Yàrá kékeré kan ni, páànù níta, pákó nínú, táyà méjì lábẹ́. Ó ti to máṣínnì ìránṣọ méjì síbẹ̀, pẹ̀lú tábìlì ìlọṣọ, dígí gígùn kan, àti aṣọ ìkélé pupa tí oníbàárà yóò máa bọ́ṣọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ máṣínnì kejì kúrú; ìwé ìtàn ìfẹ́ mẹ́ta ló fi tì í, èyí tó ti kà títí tí èèpo ẹ̀yìn wọn fi ya. Ó ti rí ilẹ̀ kan ní ìlú kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, níbi tí yúnífọ́ọ̀mù kò ti lè tán láé. Onílẹ̀ ti sọ fún un pé bí kò bá dé láàárọ̀ Mọ́ńdè, òun á gbé ilẹ̀ náà fún atúnbàtàṣe kan tó ń wá síbẹ̀ lójoojúmọ́ wá fi ojú wọ̀n ọ́n.

Ọkọ̀ sì rèé, ti Màmá ni.

"Gbọ́," Màmá sọ fún un nígbà tó délé. "Ọjọ́ tí mo bá jókòó síwájú ọkọ̀ yẹn, tí ilé rẹ wà lẹ́yìn, tí ikùn mi ò fò, ọjọ́ náà ni mo máa fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́. Èmi ò bí ọmọ fún òfúrufú."

Bọ̀dá Awakọ̀, àbúrò Màmá, ló mọ ohun tó fà á. Kò sí irú ọkọ̀ tí kò tíì wà rí, kí orúnkún tó sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ó jókòó sórí àga lójúde, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan lò ń di ẹrù lé," ló wí. "Tiwájú ń ṣeré. Kò ráyè kanlẹ̀ dáadáa, báwo ló ṣe máa gbọ́ràn sí ẹ lẹ́nu? Irin kan wà, irin apínẹrù la máa ń pè é. Ó ní ọ̀pá méjì tó ń tẹ̀ bí ọrun. Tó o bá fi ṣéènì fà wọ́n le, wọ́n á gbà nínú ẹrù tó wà lẹ́yìn, wọ́n á tì í síwájú. Kóówá á wá ru tiẹ̀."

"Níbo ni wọ́n ti ń tà á, Bọ̀dá?"

"Tuntun? Tá a bá ta ìwọ àti ìyá ẹ pọ̀, bóyá. Àlòkù ni ká wá."

"Kí ló dé tó o máa tà mí mọ́ ọn?" Màmá bi í láti inú ilé.

"Kó lè pé, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọ̀dọ̀ Olóyin ni ìwákiri gbé wọn dé. Ọkùnrin tó ń sin oyin ni. Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ kékeré ló fi ń fa àpótí oyin kiri. Ó ti wá ra ọkọ̀ ẹrù, irin apínẹrù rẹ̀ sì jókòó sí kọ̀rọ̀, ìpẹtà ń jẹ awọ ara rẹ̀. Nínú àwọn ìwé tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ máṣínnì, ọkùnrin tó bá kọ́kọ́ jáde sí ọmọbìnrin máa ń ní ojú méjì tó ń tàn bí ìràwọ̀. Ti eléyìí, ọ̀kan ló là. Oyin ti ta èkejì, ó wú, ó dì pa bí àpò tí wọ́n rán lẹ́nu.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí," ló wí. "Ẹ má juwọ́ o, inú ń bí wọn lónìí."

"Inú ń bí àwọn wo?"

"Àwọn ìyàwó mi." Ó nawọ́ sí àwọn àpótí tó tò lábẹ́ igi.

"Ó hàn lójú yín," ni Abẹ́rẹ́ wí.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ sì funfun débi pé ojú tó dì náà fẹ́ẹ̀ dà bí ohun ẹ̀ṣọ́. Abẹ́rẹ́ yára wo irin.

Bọ̀dá Awakọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti irin náà. Ó fi sípánà lu orí rẹ̀, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ní kò sán. Ó tẹ ọ̀pá méjèèjì wò. Ó ti gé páálí róbótó wá láti ilé, ní ìwọ̀n ẹnu irin ilé onítáyà; ó gbé e lé bọ́ọ̀lù orí irin náà, ibi tí ẹnu ilé á ti gùn ún, ó bá a mu rẹ́gí. Ó mi orí sí Abẹ́rẹ́: rà á.

Ṣùgbọ́n Olóyin ti rí téèpù lọ́rùn rẹ̀. "Aránṣọ ni yín? Ẹ bá mi rán aṣọ oyin, kẹ́ ẹ máa gbé irin lọ. Èyí tí mo ní ti di ilé ìgbafẹ́ fún wọn." Ó fa aṣọ funfun kan jáde, láti orí dé ẹsẹ̀, àwọ̀n níwájú orí rẹ̀, ihò lára rẹ̀ bí asẹ́.

Báyìí ni Abẹ́rẹ́ ṣe bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń fi téèpù yí ọkùnrin tí kò mọ̀ rí po. Èéfín àti oyin ló ń rùn, bí ẹni pé iná jó ilé tí wọ́n ti ń ṣe súìtì. Nígbà tó na ọwọ́ dé ẹ̀yìn rẹ̀ láti mú orí téèpù, ọkàn rẹ̀ ṣe bí máṣínnì tí òwú dì sínú rẹ̀: ó kùn, ó dúró, ó tún ṣí.

"Ọrùn ọwọ́, mẹ́sàn-án," ló pè.

"Tèmi? Mi ò mọ̀ pé mo ti sanra tó yẹn."

"Ẹ dúró jẹ́ẹ́. Ọrùn, mẹ́tàdínlógún."

"Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọrùn pa mí."

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, Olóyin sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. "Tí aṣọ bá ti yá, ṣé kí n wá bá yín so irin náà? Mo mọ ìwà ẹ̀."

"A ó máa wò ó," ni Abẹ́rẹ́ wí.

Bó ṣe máa ń dá gbogbo ayé lóhùn nìyẹn. Ọkùnrin kan ti sọ pé òun fẹ́ ẹ rí, ó ní a ó máa wò ó. Ọkùnrin náà wò ó, ó wò ó, ó sì ń wò ó lọ́wọ́ nígbà tó fẹ́ ẹlòmíì.

Aṣọ oyin yá, ó gbé e lọ, ó gbé irin bọ̀. Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n jáde sójúde láti so ó. Bọ̀dá Awakọ̀ jókòó sórí àga rẹ̀ bí ọba, ó sì là á yé e.

"Kọ́kọ́ wọn iwájú ọkọ̀ báyìí, kí ilé tó gùn ún. Láti ilẹ̀ dé etí irin tó bo táyà. Tá a bá ti so ilé mọ́ ọn, iwájú á gbéra. A á wá máa fa ṣéènì le, ojú kan lẹ́yìn èkejì, títí iwájú á fi padà síbi tó wà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀, ó na téèpù láti ilẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lókè. "Ọgbọ̀n," ló pè.

Bọ̀dá mú ṣọ́ọ̀kì tí Abẹ́rẹ́ fi ń sàmì sáṣọ, ó kọ ọgbọ̀n sára táyà.

Wọ́n so ilé onítáyà mọ́ ọkọ̀. Ìdí ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Abẹ́rẹ́ wà lábẹ́ irin pẹ̀lú jáàkì, gíríìsì ti dé ìgúnpá rẹ̀, nítorí náà Bọ̀dá fúnra rẹ̀ ló dìde lọ wọn iwájú. Ó wo téèpù, ó wọ gíláàsì, ó tún un wò.

"Ọgbọ̀n geerege."

"Ọgbọ̀n kẹ̀? Kò gbéra rárá?"

"Kò gbéra. Irin tó dáa nìyí o. A ò tíì fa ṣéènì, ó ti ń ṣiṣẹ́. Fi ṣéènì kọ́ ojú tó kẹ́yìn, má fà á."

Abẹ́rẹ́ jáde lábẹ́ ọkọ̀. Ọ̀pá méjèèjì rọ̀ dirodiro bí ẹsẹ̀ ọmọ tó jókòó sórí àga àgbà. Lójú tiẹ̀, ó jọ pé bọ́ńnẹ́ẹ̀tì ṣì ń wòkè. Ṣùgbọ́n níbi tó ti kọ́ṣẹ́, bí téèpù bá ti sọ̀rọ̀, ojú máa ń dákẹ́.

Wọ́n pe Màmá. Ó jáde pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó wọlé síwájú, ó ní kí wọ́n ṣe é jẹ́jẹ́. Wọn ò tíì dé ibi tí ọ̀nà ti kọ́kọ́ yà tí igi méjì ti kọjá lójú dígí láìrí ìdí wọn, orí wọn nìkan. Abẹ́rẹ́ yí sitíárìn. Ọkọ̀ rò ó wò.

"Dúró," ni Màmá wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ jẹ́ ká dé—"

"Ikùn mi fò. Ó fò, ó bà, ó sì tún ti gbéra báyìí." Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó fẹsẹ̀ rìn padà sílé. Ó ti ń mọ ọ̀nà náà dáadáa.

Nígbà tí Abẹ́rẹ́ wa ọkọ̀ dé ojúde bí ẹni tó ń fa òkú ẹran, Bọ̀dá Awakọ̀ ti ní ìdájọ́ lẹ́nu. "Irin yẹn ti kú. Ọ̀pá ẹ̀ ò lágbára mọ́. Òkú ni Olóyin tà fún wa, tá a gbé wálé bí àlejò."

Abẹ́rẹ́ rí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ó rí atúnbàtàṣe tó gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀ sí àárín gbùngbùn rẹ̀. Eyín funfun yẹn, ká má tiẹ̀ sọ nípa ojú kan tó là yẹn. Àwọn ìwé ti kìlọ̀: ọkùnrin tó bá ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀, kí a wo ọwọ́ rẹ̀. Ó nu gíríìsì, ó ní òun á fẹsẹ̀ rìn lọ bá a níbi oyin rẹ̀, òun á sì sọ̀rọ̀ tí àwọn ìyàwó rẹ̀ máa gbọ́.

Kò tíì gbé bàtà wọ̀ tí ọkọ̀ ẹrù fi dúró lójúde. Olóyin bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ oyin lábẹ́ abíyá. Ojú tó dì lọ́jọ́sí ti là. Èyí tó là lọ́jọ́sí ló ti dì báyìí, ètè rẹ̀ òkè sì yọ síta bíi pẹpẹ.

"Àǹtí aránṣọ, ẹ wo ètè mi."

"Bọ̀dá Olóyin, ẹ wo ọkọ̀ mi."

"Aṣọ tó o rán—"

"Irin tó o tà—"

Ibẹ̀ ni "ẹ" kú sí láàárín wọn, kò sì jí mọ́.

"Wọ́n ń gba ọrùn ọwọ́ wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́," ni Olóyin wí. "Wọn ò tiẹ̀ kánjú. Èyí tó ta mí létè, ó kọ́kọ́ rìn yí ká, ó wo ilé."

"Aṣọ ni mo rán, mi ò rán awọ. Èèyàn gbọ́dọ̀ lè mí nínú aṣọ."

"Mo mí. Àwọn oyin náà mí. Inú aṣọ kan náà la ti jọ ń mí."

Màmá yọjú lójú fèrèsé. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sọ̀rọ̀ sókè díẹ̀, mi ò gbọ́ ìparí."

Abẹ́rẹ́ nawọ́ sí irin. "Òkú lo tà fún mi. Wò ó. Tí mi ò bá kúrò níbí lọ́la, iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn."

Inú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni ohùn rẹ̀ ti ya díẹ̀, ní ibi tí kò fẹ́ kó ti ya. Olóyin gbọ́ ọ. Ó gbé aṣọ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ti ṣéènì tó ń fì.

"Ta ló so ó báyìí?"

"Téèpù ló so ó," ni Bọ̀dá Awakọ̀ dáhùn. "Ọgbọ̀n kó tó gùn ún, ọgbọ̀n lẹ́yìn tó gùn ún. Wò ó lára táyà."

Olóyin wo táyà. Ó wo ọkọ̀ tó jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn, tó gbé imú sókè. Ọ̀dọ́ langba tí kò wa ọkọ̀ rí gan-an á mọ̀ pé nǹkan kan ń purọ́ níbẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká tú ilé kúrò," ló wí. "Kí aránṣọ wọ̀n ọ́n lójú mi."

Wọ́n tú u. Iwájú ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ padà. Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ó na téèpù, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. "Ọgbọ̀n."

Olóyin kúnlẹ̀ tì í. Bá a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó fi ojú kan tó kù fún un wo téèpù.

"Àtàǹpàkò ẹ wà lórí méjìdínlọ́gbọ̀n."

"Mo mọ̀."

"O sì pe ọgbọ̀n."

"Mo fi àyè sí i ni."

"Àyè kí ni?"

"Kó lè mí."

Bọ̀dá Awakọ̀ wá àga rẹ̀ lẹ́yìn, ó jókòó.

"Ọkọ̀?" ló bi í.

Nígbà tí Abẹ́rẹ́ ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ kì í jẹ́ kí nọ́ńbà jáde lásán lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ara kì í dúró sójú kan, ọ̀gá náà máa ń wí. Ẹni tó wá wọn aṣọ láìjẹun ṣì máa jẹun. Fi àyè sí i lẹ́nu, kó o má bàa gbàgbé níbi tábìlì. Láti ìgbà náà, ohun tó bá wọ̀n, méjì á ti gùn ún kó tó kọjá eyín. Kò rò ó mọ́. Ó ti fi àyè sí èèyàn, ó ti fi sí aṣọ ìkélé, ó ti wá fi sí ọkọ̀. Méjì tí ọkọ̀ gbéra yẹn gan-an ni méjì tó fi kún un, ìdí nìyẹn tí Bọ̀dá fi rí ọgbọ̀n lórí téèpù tó sì yọ̀.

Olóyin na ọwọ́ sí i, àtẹ́lẹwọ́ lókè. "Ọrùn ọwọ́ mi ńkọ́?"

Abẹ́rẹ́ fi téèpù yí i po. Ó wò ó. "Méje," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́.

"Lọ́jọ́sí ńkọ́?"

"Mẹ́sàn-án."

Ó wo aṣọ oyin tó wà nílẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó là gbàgà bí ẹnu ilẹ̀kùn ilé ọlọ́rọ̀. Ó rí oyin tó rìn yí ká, tó wo ilé. Ẹ̀rín gbé e látìsàlẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú gíríìsì lójú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Olóyin náà fẹ́ rín in, ètè rẹ̀ kò gbà, ó di ètè náà mú lọ́wọ́, ó sì fi èjìká rín in.

"Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín," ni Màmá ròyìn fún inú ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni. "Mo rò pé wọ́n á lu ara wọn."

Bọ̀dá Awakọ̀ pa ọgbọ̀n rẹ́ lára táyà, ó kọ méjìdínlọ́gbọ̀n. Kò sọ nǹkan kan nípa òkú mọ́.

Wọ́n tún so ilé mọ́ ọkọ̀. Ìwà irin náà ni pé agbára kọ́ la fi ń fa ṣéènì rẹ̀, èèyàn á bá ara ẹ̀ jà lásán ni. Olóyin fi jáàkì gbé ẹnu ilé onítáyà àti ìdí ọkọ̀ sókè pọ̀, ṣéènì dẹ̀, Abẹ́rẹ́ wá fi ìka lásán kọ́ ojú rẹ̀ tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí jáàkì sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá méjèèjì tẹ̀ bí ọrun, wọ́n ké kín-ín lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì gba iṣẹ́. Ìdí ọkọ̀ dìde. Imú rẹ̀ tẹrí ba. Bọ̀dá wọ̀n ọ́n, ó ní ó ṣì ga díẹ̀. Wọ́n tún gbé jáàkì, wọ́n tún kọ́ ojú kan sí i. Ó wọ̀n ọ́n.

"Méjìdínlọ́gbọ̀n," ló pè. Ó wo Abẹ́rẹ́ láti òkè gíláàsì. "Mi ò fi nǹkan kan sí i o."

Màmá jáde pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Ó wo Olóyin láti ètè dé ẹsẹ̀, ó wọ ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ wà á jáde. Lójú dígí, títì wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀, kòtò rẹ̀ pẹ̀lú. Níbi tí ọ̀nà ti kọ́kọ́ yà, ó yí sitíárìn, iwájú ọkọ̀ sì gbá ilẹ̀ mú, ó yà láìbi í ní ìbéèrè kankan. Ilé onítáyà tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ìyàwó tí inú rẹ̀ dùn. Wọ́n lọ dé ìkòríta, wọ́n yí po, wọ́n padà dé ojúde.

Màmá fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. "Ibi tí mo fi í sí ló wà," ló wí. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kúrò nínú ihò rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ká ìka ọmọ náà dé lórí rẹ̀. "Àárọ̀ ọ̀la ni kó o lọ o. Má ṣe jẹ́ kí atúnbàtàṣe yẹn rí ẹ̀yìn ẹ."

Olóyin ti wọ aṣọ oyin láti fi ibi tó là han Abẹ́rẹ́. Ó dúró ní àárín ojúde, ó funfun bí iwin tó ṣìnà. Abẹ́rẹ́ yọ abẹ́rẹ́ kan tó gún mọ́ kọ́là rẹ̀, òwú wà nínú rẹ̀, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ká etí aṣọ náà jọ mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an.

"Mo máa ń gbé oyin gba ìlú tó ò ń lọ yẹn," ni Olóyin wí. Ohùn rẹ̀ kò dúró dáadáa, bóyá ètè ni. "Tí mo bá ń kọjá, ṣé kí n máa yà?"

Bọ̀dá Awakọ̀ wo òkè. Màmá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Gbogbo wọn mọ èsì náà. Bọ̀dá tiẹ̀ ti ń fi ẹnu sọ ọ́ láìgbé ohùn jáde, a ó máa wò ó.

Abẹ́rẹ́ fa òwú. "Ó há?"

"Ó há."

"Ṣé kí n fi àyè sí i?"

"Má fi."

Ó di kókó. Ó tẹrí ba mọ́ ọrùn ọwọ́ ọkùnrin náà, ó fi eyín gé òwú, èéfín àti oyin sì kún imú rẹ̀.

"Máa yà," ló wí, kò sì fi nǹkan kan kún un.

Ó di ọwọ́ kejì mú, ó rán ìyẹn náà. Ìgbà tí Olóyin ti wa ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ lọ tán, tó ń juwọ́ funfun láti ojú fèrèsé, ni Màmá tó bi wọ́n bí ọmọ ọlọ́mọ ṣe máa bọ́ aṣọ tí wọ́n rán mọ́ ọn lọ́wọ́ náà.